Àyè Ọwọ́ Ìyá Àgbà

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi bínú sí Bọ̀ọ̀dá Oníná lórí ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá. Owó iṣẹ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, mi ò san án. Ó pè mí láàárọ̀ ọjọ́ kìíní, mo gbé e, mo sì fi ohùn líle dá a lóhùn. Ó pè mí lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, mo ní mo wà nípàdé, bẹ́ẹ̀ inú ọkọ̀ ni mo jókòó sí ní Pánsẹ́kẹ́, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ń jẹ wá níyà. Lọ́jọ́ kẹta, kò pè mọ́. Ìyẹn ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dà mí láàmú.

Oníná kọ́ ni wọ́n sọ ọ́ nílé. Òun ló máa ń bá wa so fáíbà, okùn gíláàsì tí ìmọ́lẹ̀ ń gbé ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà gbà kọjá, tó bá já nígboro Abẹ́òkúta. Ẹ̀rọ kékeré tó fi ń jó ẹnu fáíbà méjì pọ̀ máa ń ta iná bíńtín kan, pẹ́ẹ́, ó sì tán. Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Mo ti rí i lórí àkàbà ní Láfẹ́nwá nígbà tí òjò ń ṣú bọ̀, tó ń so nǹkan tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ nípọn ju irun orí lọ, tí ọwọ́ rẹ̀ ò gbọ̀n. Ó yẹ kí n rántí ìyẹn kí n tó fi ẹnu mi bà á jẹ́.

Iṣẹ́ náà ò le. Ilé-iṣẹ́ kan ní ọ́fíìsì ní Ìbarà, wọ́n tún ní òmíràn ní Kútọ̀. Wọ́n fẹ́ fáíbà láàárín méjèèjì, gígábíìtì kan, ìyẹn bílíọ̀nù kan bíìtì (òdo tàbí ení), ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Súwíìṣì kan, àpótí tó ń gba ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà tó sì ń rán an síwájú, níbí, ìkan lọ́hùn-ún, fáíbà méjì láàárín wọn, ọ̀kan fún àlọ, ọ̀kan fún àbọ̀. Bọ̀ọ̀dá Oníná so ó, èmi ni mo máa dán an wò. Ìwé àdéhùn ní kí a fi pákẹ́ẹ̀tì (ẹrù ọ̀rọ̀ tí a dì kéékèèké) tó kéré jù kún ọ̀nà náà dẹ́nu fún wákàtí kan, lọ́tùn-ún lósì, kí ọ̀kan ṣoṣo má sì ṣe sọnù.

Mo gbé tẹ́sítà kan, ẹ̀rọ tó ń rán pákẹ́ẹ̀tì tó sì ń ka èyí tó dé, sí Ìbarà, ọmọ iṣẹ́ mi gbé ìkejì lọ sí Kútọ̀. A kọ́kọ́ fi ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá tọ́ ọ wò. Òdo. Kò sí èyí tó sọnù. A yọ̀ fúnra wa lórí fóònù. Mo wá ṣètò wákàtí kan, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ jẹ ìrẹsì Ọ̀fadà níwájú ilé. Nígbà tí mo padà dé, nọ́ńbà pupa ló ń wò mí. Láti Kútọ̀ wá sí Ìbarà, òdo. Láti Ìbarà lọ sí Kútọ̀, ó lé ní 157,000 pákẹ́ẹ̀tì tí kò dé ibi tí à ń rán an lọ.

Òótọ́ ni pé nínú bílíọ̀nù márùn-ún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni 157,000 yìí ti sọnù, ìyẹn ò ju ẹ̀kún ọwọ́ iyanrìn létí odò Ògùn. Ṣùgbọ́n ìwé ní òdo. Àlọ ń sọnù, àbọ̀ ò sọnù, kí ni ẹ bá rò? Ohun tí mo rò náà ni: fáíbà kan dáa, ìkejì ò dáa, ẹni tó so ó ò so ó ire.

Ẹ jẹ́ kí n fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀ ná, kí n sọ̀rọ̀ iyán.

Lẹ́yìn ilé ìyá ìyá mi ní Ìtòkò, odó ńlá kan wà níbẹ̀. Bí àlejò bá pọ̀, àwa mẹ́ta la máa ń gún iyán nínú odó kan náà. Kò sẹ́ni tó ń ka ení, èjì. Gbì, gbì, gbì. Ìró ọmọ odó ẹnì kejì lo fi ń mọ ìgbà tí tìẹ máa balẹ̀. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dara pọ̀ kì í kàn jan tirẹ̀ mọ́lẹ̀. Á kọ́kọ́ máa gbé e sókè sódò lófìfo, lẹ́ẹ̀mẹ́fà, lẹ́ẹ̀méje, títí ara rẹ̀ á fi mọ̀ ọ́n, kó tó sọ ọ́ sínú odó. Bí ó bá fi méjì àkọ́kọ́ ṣì í, kò sí nǹkan tó bàjẹ́, afẹ́fẹ́ ló gún.

Ìyá àgbà ló máa ń ju iṣu sí i. Ọwọ́ rẹ̀ á wọlé, á jáde, láàárín ìró méjì. Mi ò rí i kí ọmọ odó kàn án rí. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi ń sáré torí bọ́ọ̀lù tó fẹ́ lọ wò, àwa náà ń sáré tẹ̀ lé e. Ìyá àgbà fa ọwọ́ yọ, ó ní, "Ẹ dúró ńbẹ̀. Ẹ ti jẹ àyè ọwọ́ mi tán."

Mo ti ń ṣe iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì fún ọdún díẹ̀ kí n tó mọ̀ pé kò sí orúkọ tó bá àlàfo àárín pákẹ́ẹ̀tì méjì mu tó èyí.

Ní 1973 ni Robert Metcalfe àti David Boggs bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí Ethernet, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, tí súwíìṣì wa náà ń lò, ní Xerox PARC, ilé ìwádìí kan ní Kalifóníà. Wáyà kan ni gbogbo kọ̀ǹpútà jọ ń lò, mẹ́gábíìtì 2.94, ìyẹn mílíọ̀nù bíìtì 2.94, ló sì ń gbà kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nígbà tí wọ́n wá sọ ọ́ di mẹ́gábíìtì mẹ́wàá, ìwà rẹ̀ ò yí padà: bí ẹnikẹ́ni ò bá sọ̀rọ̀, wáyà dákẹ́ lóòótọ́. Ẹni tó ń gbọ́ ò ní ìró kankan tó lè fi mọ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ṣe ń rìn. Nítorí náà, kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, olùránṣẹ́ á kọ́kọ́ gún afẹ́fẹ́. Á rán 10101010, báìtì méje tó jọra, bíìtì mẹ́jọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, á wá fi 10101011 tì í. Preamble ni wọ́n ń pe àwọn méje yẹn. Òǹgbà á fi wọ́n mú ìró. Bí díẹ̀ bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, kò sí èyí tó jẹ́ ọ̀rọ̀ gidi níbẹ̀. Bí ó bá ti rí ení méjì tó tẹ̀ lé ara wọn nígbẹ̀yìn, á mọ̀ pé iṣu ti wọ odó.

Bí pákẹ́ẹ̀tì náà bá parí, a kì í rán òmíràn lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ní kí a fi àyè bíìtì 96 sílẹ̀, ìyẹn báìtì méjìlá. Ní mẹ́gábíìtì mẹ́wàá, àyè náà jẹ́ microsecond 9.6 (mílíọ̀nù kan microsecond ló wà nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan). Ní gígábíìtì kan, nanosecond 96 (ẹgbẹ̀rún kan nanosecond ló wà nínú microsecond kan). Ní gígábíìtì mẹ́wàá, nanosecond 9.6, tí ìmọ́lẹ̀ inú fáíbà ò lè fi rìn ju nǹkan bíi mítà méjì lọ. Nígbà tí wọ́n kọ́ wa, olùkọ́ wa ní ìsinmi ni, pé ẹ̀rọ tó ń gbà á nílò àyè láti gbé èyí tó dé kalẹ̀ kó tó gba òmíràn. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún àwọn ẹ̀rọ àtijọ́. Èmi náà wá gbé e sọ́kàn pé òfo ni, pé bí ẹ̀rọ bá yára tó, a lè gé e sọnù kí a fi rù ẹrù sí i.

Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀ mọ́, torí pé ọ̀nà tó yára kì í dákẹ́.

Lórí fáíbà gígábíìtì kan, bí pákẹ́ẹ̀tì ò tilẹ̀ sí, iná náà ń ṣẹ́jú ní bílíọ̀nù 1.25 ìgbà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Wọ́n ń sọ gbogbo bíìtì mẹ́jọ di mẹ́wàá, kí òdo tàbí ení má baà tò gùn títí tí òǹgbà á fi sọ ìró nù. Ohun tí wọ́n sì ń rán láàárín pákẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń pè ní idle, ní àmì kan nínú tí kò lè hàn nínú ọ̀rọ̀ gidi láéláé. K28.5 ni wọ́n sọ ọ́. Àmì yìí ni òǹgbà fi ń mọ ibi tí mẹ́wàá kan parí sí tí mẹ́wàá mìíràn ti bẹ̀rẹ̀. Gígún afẹ́fẹ́ ò wá pọn dandan mọ́, nítorí ọmọ odó ò dúró rárá. Síbẹ̀ a ò yọ preamble kúrò. A kàn fi àmì ìbẹ̀rẹ̀ rọ́pò báìtì àkọ́kọ́ rẹ̀, a fi ìyókù sílẹ̀ bí a ṣe ń fi àga bàbá àgbà sílẹ̀ ní pálọ̀.

Ti gígábíìtì mẹ́wàá wù mí jù. Bíìtì 64 ni wọ́n ń kó sí ìdì kan, wọ́n á fi méjì síwájú rẹ̀, 01 tàbí 10. Kì í jẹ́ 00, kì í jẹ́ 11. Òǹgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde ò mọ ibi tí ìdì ti bẹ̀rẹ̀. Á mú ibì kan lásán, á wo bíìtì méjì ibẹ̀. Bí ó bá bá 00 tàbí 11, á sún bíìtì kan, á tún wò. Bí ó bá wá bá a ní 64 ìdì tó tẹ̀ lé ara wọn láìsí àṣìṣe, á ní òun ti mú un. Ẹ wo ọmọdé tó dúró létí okùn tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fò, tó ń mi orí, tó ń mi orí, kó tó kó wọlé.

Ṣùgbọ́n mímú ìró ò tí ì parí ọ̀rọ̀, ibẹ̀ sì ni mo ti ṣìnà. Òǹgbà mú ìró olùránṣẹ́, ó dáa. Ṣùgbọ́n òun náà ní aago tirẹ̀ nínú àpótí rẹ̀, òkúta quartz kékeré kan tó ń gbọ̀n, èyí tó ń fi ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, tó sì ń fi ránṣẹ́ síwájú. Kò sí quartz méjì tó ń gbọ̀n bákan náà. Ooru ń yí i, ọjọ́ orí ń yí i. Òfin Ethernet mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì gbà kí aago kọ̀ọ̀kan fi 100 nínú mílíọ̀nù yára tàbí falẹ̀. Ká ní aago ara ògiri ni, bíi ìṣẹ́jú-àáyá 8.64 nìyẹn lóòjọ́, ẹ lè má mọ̀ ọ́n fún ọ̀sẹ̀ kan.

Kí olùránṣẹ́ wá wà lókè pátápátá, kí òǹgbà wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ìyàtọ̀ di 200 nínú mílíọ̀nù, bíìtì kan lé nínú gbogbo 5,000. Pákẹ́ẹ̀tì tó tóbi jù, báìtì 1,518, ó lé ní bíìtì 12,000. Kó tó parí, bíìtì méjì ti ṣẹ́ kù tí kò ríbi jókòó. Níbo la máa kó o sí? A ò lè yọ ọ́ nínú ọ̀rọ̀, iye owó ẹnìkan lè wà níbẹ̀. Ó di dandan kó jẹ́ láti inú àlàfo. Àpótí kékeré kan wà nínú òǹgbà tó ń kún tó ń fà. Bí ó bá fẹ́ kún jù, á dúró de ìgbà tí pákẹ́ẹ̀tì bá parí, á yọ idle díẹ̀ sọnù. Bí ó bá fẹ́ gbẹ, á fi díẹ̀ kún un. Gbèsè tí aago méjì jẹ ara wọn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń san án. Ìdí nìyẹn tí àlàfo tí ẹnìkan fi báìtì 12 rán fi lè kúrú kó tó débi tó ń lọ, òfin sì fàyè gbà á dé báìtì mẹ́jọ ní gígábíìtì kan, dé márùn-ún ní gígábíìtì mẹ́wàá. Ní 100 gígábíìtì, tí òfin rẹ̀ jáde ní 2010, àlàfo yìí kan náà ni wọ́n tún ń bù láti fi rí àyè fún àmì tó ń to ọ̀nà ogún sójú kan. Gbogbo ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá le, odò kan náà ni wọ́n ń pọn.

Mo mọ gbogbo èyí o. Mo lè kà á lójú oorun. Bẹ́ẹ̀ ni mo fi ọjọ́ mẹ́ta bínú.

Ohun tó yẹ kí n wò lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni mo wò lọ́jọ́ kẹta: àwọn òǹkà ara súwíìṣì. Bí fáíbà bá burú, bíìtì á máa yí padà lọ́nà, CRC, ìyẹn àyẹ̀wò tó ń fi pákẹ́ẹ̀tì tó bàjẹ́ lọ́nà hàn, á sì pariwo. CRC ní Kútọ̀: òdo. Ní Ìbarà: òdo. Mo jókòó. Mo pe ọmọ iṣẹ́ mi, mo ní kó pààrọ̀ ẹsẹ̀ fáíbà méjèèjì lọ́hùn-ún, èmi náà pààrọ̀ ti ọ̀dọ̀ mi, kí àlọ gba ibi tí àbọ̀ ń gbà. Bí fáíbà bá jẹ̀bi, ẹ̀bi gbọ́dọ̀ yí ọ̀nà padà. Kò yí. Ìbarà sí Kútọ̀ náà ló ṣì ń sọnù.

Mo wá yọ tẹ́sítà mi, mo gbé e sínú báàgì, mo gun ọ̀kadà lọ sí Kútọ̀, mo gba ti ọmọ iṣẹ́ mi, mo gbé e padà sí Ìbarà. A tún un ṣe. Ó di Kútọ̀ sí Ìbarà. Àárẹ̀ mú mi lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ náà ti gun ọ̀kadà tẹ̀ lé mi.

Tẹ́sítà mi ló ń sáré. Kì í ṣe pé ó bàjẹ́, ó wà láàárín ohun tí òfin gbà, súwíìṣì náà wà láàárín rẹ̀. Wọ́n kàn yàtọ̀. Súwíìṣì kì í sì í ṣe òǹgbà lásán tó ń gé idle díẹ̀ kó lè máa lọ. Á gba odindi pákẹ́ẹ̀tì sínú, á tún un rán pẹ̀lú aago ara rẹ̀ àti àlàfo báìtì 12 tirẹ̀. Àwọn súwíìṣì kan mọ bí a ṣe ń dín àlàfo náà kù nígbà tó bá dí. Èyí ò mọ̀ ọ́n. Òun bá mi fi àyè ọwọ́ sílẹ̀ ní pípé, tẹ́sítà mi sì ń tì í lẹ́yìn.

Mo mú bírò. Pákẹ́ẹ̀tì tó kéré jù, báìtì 64. Preamble àti àmì ìbẹ̀rẹ̀, mẹ́jọ. Àlàfo, méjìlá. Àpapọ̀ 84, ìyẹn bíìtì 672. Bílíọ̀nù kan tí a fi 672 pín, 1,488,095 pákẹ́ẹ̀tì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Mo dojú kọ òǹkà ohun tí súwíìṣì ń dà nù ní ẹnu ọ̀nà fáíbà. Ó ń fi nǹkan bíi 44 gòkè ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. 44 nínú 1,488,095, bíi 30 nínú mílíọ̀nù. Ìyàtọ̀ aago méjì ni mo ń wò yẹn lójú korokoro, tó ń ka ara rẹ̀ fún mi. Ní ọ̀sán, nígbà tí oòrùn kan ògiri ibi tí tẹ́sítà wà, ó di 51.

Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá tí a fi yọ̀ náà sì yé mi. Súwíìṣì ní ibi tó ń to èyí tó lé sí. Bí 44 bá ń lé ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí ibẹ̀ sì gba nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan, ó máa tó ìṣẹ́jú-àáyá méjìlélógún kó tó kún àkúnwọ́sílẹ̀. Mẹ́wàá tí a kọ́kọ́ lò, omi ò tí ì dé ọrùn.

Mo dín ìyára tẹ́sítà kù sí 99.9 nínú ọgọ́rùn-ún. Wákàtí kan, lọ́tùn-ún lósì. Òdo, òdo.

Ẹni tó ń bójú tó iṣẹ́ náà nílé-iṣẹ́ wọn kọ́kọ́ fajú ro. Ó ní ọgọ́rùn-ún ni àwọn san owó fún. Mo bi í pé, "Ọ̀gá, ọgọ́rùn-ún aago ta ni?" Kò dáhùn. Mo pààrọ̀ tẹ́sítà níwájú rẹ̀, ó rí i bí ẹ̀bi ṣe ṣí kúrò láti apá kan bọ́ sí èkejì, ó buwọ́ lu ìwé. Kò sí iṣẹ́ gidi kan ní ọ́fíìsì yẹn tó máa kún ọ̀nà náà dẹ́nu fún ìṣẹ́jú kan, ká má tíì sọ wákàtí. Lójú tèmi, ẹni tó bá kọ ọgọ́rùn-ún sínú ìwé àdéhùn láìkọ òfin aago tì í ti fi ìjà sílẹ̀ fún àwọn tó máa ṣe iṣẹ́ náà.

Bọ̀ọ̀dá Oníná ló kù. Mo bá a ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ṣàpọ́n lọ́jọ́ Jímọ̀, mo gbé owó náà lọ ní pípé, mo sì kúnlẹ̀. Ó ní kí n dìde, pé ilẹ̀ dọ̀tí. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ aago méjèèjì fún un, títí dé orí 30 nínú mílíọ̀nù. Ó tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa, ó ń nu gíláàsì ojú ẹ̀rọ rẹ̀ bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀.

"Àbúrò," ó ní, "ṣé o ń sọ pé ẹ̀rọ tìẹ ló ń sáré?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.

Ó ka owó náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó yọ ẹgbẹ̀rún kan náírà nínú rẹ̀, ó nà án sí mi, ó ní kí n fi ra ẹ̀kọ àti ọ̀lẹ̀lẹ̀ fún un, pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ebi ló ń lé e.